Omi Tí Ó Gba Inú Aṣọ Kọjá

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, tí kì í jẹ́ kí n sùn dáadáa ní òru tí ó bá ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ oríkèé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kú, kì í sì í ṣe pé ọgbẹ́ ẹnikẹ́ni kẹ̀. Ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn, ó sì ti ń bi wá léèrè ìgbà tí òun yóò padà sórí pápá. Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìṣẹ́jú mẹ́rin péré tí mo fi dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, àti omi kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn níbi tí kò yẹ kí omi dé.

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí. Ìlọrin ni a bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ilé àwọn ahunṣọ òfì sì ni mo ti jáde wá. Mo sọ èyí nítorí pé aṣọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí: aṣọ tí a fi ń bo aláìsàn nígbà tí a bá fẹ́ fi kámẹ́rà wo inú orúnkún tàbí èjìká rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ wa lè rò pé iṣẹ́ aṣọ náà kò ju kí ìhòòhò má hàn lọ. Èmi tí mo ti ń tẹ́ ẹ láti ọdún mọ́kànlá gan-an, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mo ń tẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin

Ọjọ́ Àlàmísì kan ni. Orúnkún òsì ni a fẹ́ ṣe. Agbábọ́ọ̀lù ọmọ ọdún 22 ni aláìsàn náà. Egungun rírọ̀ inú orúnkún rẹ̀, èyí tí ó rí bí oṣù tuntun, ti ya, ẹsẹ̀ náà sì máa ń há nígbà tí ó bá fẹ́ nà án. Iṣẹ́ abẹ tí a ń fi kámẹ́rà ṣe kì í la orúnkún sílẹ̀ gbayawu. Ihò méjì ni a ń dá sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju èékánná ìka kékeré lọ. Kámẹ́rà a gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ a gba èkejì. Ṣùgbọ́n kí dókítà tó lè rí ohunkóhun nínú oríkèé, omi ni yóò kọ́kọ́ fẹ̀ ẹ́ fún un. Àpò omi iyọ̀ tí ó gba lítà 3 ni a ń gbé kọ́ sókè, omi náà a máa ṣàn wọ inú orúnkún láìdáwọ́ dúró, a sì máa gba ojú ihò jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti èérún ohun tí irinṣẹ́ bá gé. Nínú iṣẹ́ abẹ mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ni a ń ṣọ́. Nínú èyí, omi ni.

Aṣọ ìbora tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń jù nù, èyí tí ó ní rọ́bà tí ó ń fún itan pinpin àti àpò tí ń gba omi, ti tán ní ilé ìwòsàn náà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Aṣọ òwú aláwọ̀ ewé tí a ń fọ̀, tí a sì ń fi ooru ẹ̀rọ ótókíléèfù pa kòkòrò ara rẹ̀, ni a lò. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Òun ni àwọn ọ̀gá wa fi ṣiṣẹ́ kí a tó bí wa. A tẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì, a sì fi màkíntọ́ọ̀ṣì, ìtẹ́ rọ́bà, sí àárín aṣọ kan àti èkejì kí omi má baà gba ibẹ̀ kọjá. Èmi ni mo wẹ ọwọ́, tí mo wọ aṣọ àti ìbọ̀wọ́ mímọ́, ní ọjọ́ náà, èmi ni mo dúró ti tábìlì irinṣẹ́, èmi náà ni mo sì tẹ́ màkíntọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Kò gùn dé ibi itan. Mo rí i pé kò gùn dé ibẹ̀, mo sì sọ nínú ara mi pé yóò tó.

Nígbà tí àpò omi kẹta ń tán lọ, mo na irinṣẹ́ kan sí dókítà, mo fara ti etí tábìlì, ni òtútù bá kàn mí ní ikùn. Aṣọ tíátà tí mo wọ̀ ti rin gbindin. Mo fi ìka mẹ́ta tẹ aṣọ tí ó wà lórí itan aláìsàn náà, omi sì rú jáde yí ìka mi ká gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ kànìnkànìn. Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri, nítorí pé a máa ń ṣọ́ iye àkókò tí tọ́níkẹ́ẹ̀tì, ọ̀já tí a fi ń fún ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn, ti wà ní itan aláìsàn. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 22 ni.

N kò sọ̀rọ̀.

Mo ti wá gbogbo ìdí tí mo fi dákẹ́, mo sì ti yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ọ̀gá tí mo bọ̀wọ̀ fún ni dókítà náà. Ó ti sọ pé ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí. N kò fẹ́ kí a mọ̀ pé èmi ni mo tẹ́ màkíntọ́ọ̀ṣì tí kò gùn tó. Ṣùgbọ́n ìdí tí ó lágbára jù, òun ni mo kà sí ọgbọ́n lójú ẹsẹ̀: mo ní, aṣọ yìí kò ní kòkòrò, omi yìí kò ní kòkòrò, bí ohun mímọ́ méjì bá pàdé, kí ni ó lè ti ibẹ̀ jáde? Èrò yẹn dùn létí. Irọ́ ni. Aṣọ mímọ́ ni ó wà lókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe mímọ́. Bẹ́ẹ̀dì tíátà ni, tí a kàn nu. Ara aláìsàn níbi tí oògùn apakòkòrò kò dé ni. Ìdí rẹ̀ ni, abẹ́ itan rẹ̀ ni. Níwọ̀n ìgbà tí aṣọ bá gbẹ, kòkòrò tí ó wà lábẹ́ kò ní ọkọ̀ tí yóò wọ̀ dé òkè. Bí ó bá ti tutù já, omi ti kọ́ afárá fún un láti inú ìdọ̀tí dé ojú ihò tí ó ṣí sílẹ̀ sínú orúnkún ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 26, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí kò tíì pé oṣù kan lọ́dọ̀ wa, sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí ń gbọ̀n: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, omi ń kán sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Dókítà dáwọ́ dúró. Kò bínú sí i. Èmi ni ó kọjú sí, ó ní, "Láti ìgbà wo?"

Mo ní, "Ó ti tó ìṣẹ́jú mẹ́rin, sà. Mo ti mọ̀."

Kò sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, dókítà ní kí wọ́n ti omi pa. A yọ kámẹ́rà àti irinṣẹ́, a fi báńdéèjì mímọ́ bo ojú ihò méjèèjì, a bọ́ aṣọ àti ìbọ̀wọ́ wa, a tún ọwọ́ wẹ̀, a kó gbogbo aṣọ tútù náà kúrò, a nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, a tún fi oògùn pa kòkòrò ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a sì tẹ́ aṣọ gbígbẹ mìíràn pẹ̀lú màkíntọ́ọ̀ṣì méjì tí ó dé ìbàdí. Ó gbà wá ní ìṣẹ́jú 13. Tọ́níkẹ́ẹ̀tì kò tíì sún mọ́ wákàtí méjì tí ó jẹ́ òpin tí a máa ń fún un. Iṣẹ́ tí ó kù kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, dókítà fúnra rẹ̀ lọ bá aláìsàn àti ìyá rẹ̀, ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wọn, ó sì sọ àwọn àmì tí wọn yóò máa ṣọ́: kí orúnkún gbóná, kí ó wú ju bí ó ti yẹ lọ, kí ara máa gbóná, kí omi máa sun lójú ọgbẹ́. Ọlọ́run ṣàánú wa, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó yọjú.

Àwọn àgbà ní ẹnu tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi burú ju ti òwe náà lọ, nítorí pé ara ẹlòmíràn ni mo fi dákẹ́.

Àmù tí ń làágùn

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé bàbá mi. Mo mú àkísà aṣọ tíátà kan tí a ti yọ kúrò nínú iṣẹ́ lọ́wọ́, mo sì mú ègé aṣọ ajùnù kan tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. N kò mọ ohun tí mo ń wá gan-an. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tí ó mọ aṣọ ju mi lọ wò ó.

Bàbá mi ti fi òfì sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn dídùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé. Ó gba aṣọ òwú náà, ó nà án sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò ra á. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ti fọ aṣọ yìí?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Baba."

Ó ní, "Ẹni tí kò bá mọ iye ìgbà tí a ti fọ aṣọ, kò lè mọ iye aṣọ tí ó kù nínú rẹ̀." Ó fi hàn mí bí òwú tí ó dúró àti òwú tí ó dábùú ṣe ti jìnnà sí ara wọn, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín wọn bí orí asẹ́. Ó ní kí n bu omi wá. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí ìwé ìròyìn, ó kán omi kan péré sí i. Omi náà kò pẹ́ lójú kan. Ó fẹ̀, ó rì, nígbà tí a sì gbé aṣọ náà, ojú ìwé ti tutù ní ìwọ̀n owó ẹyọ. Ó ṣe bákan náà sí aṣọ ajùnù. Omi náà ká jọ roboto, ó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Ìwé abẹ́ rẹ̀ gbẹ táútáú.

Lẹ́yìn náà ni ó na ìka sí àmù tí ó wà ní igun yàrá, àmù àwọn amọ̀kòkò agbègbè Dada ní Ìlọrin, tí ó ti wà nílé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìta rẹ̀ ń làágùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí ihò kankan lára ìyẹn? Omi inú rẹ̀ ń jáde ní ọ̀sán àti òru. Nítorí pé ó ń jáde ni omi náà fi ń tutù. Kì í ṣe ihò nìkan ni ọ̀nà."

Mo jókòó síbẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sì ń padà bọ̀ wá sí mi lórí bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò. Ní ọdún 1952, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Beck, pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ Collette, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì fi hàn pé aṣọ òwú tí gbogbo tíátà gbọ́kàn lé kì í dí bakitéríà lọ́nà mọ́ bí ó bá ti tutù. Ìgbẹ́kẹ̀lé òfo ni wọ́n pe ohun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní nínú aṣọ náà. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí aṣọ tí omi kò lè gbà kọjá ti gbèrú. Mo ti ka ìtàn yìí, mo ti gba máàkì lórí rẹ̀. Àmù bàbá mi ni ó jẹ́ kí n gbà á gbọ́.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tí ó bá ń kà á pé n kò sọ pé kí a kó aṣọ òwú dànù. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016 lórí bí a ṣe lè dènà àrùn ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní aṣọ tí a hun tí a sì ń fọ̀ lò àti aṣọ ajùnù ni a lè lò, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti pa kòkòrò ara wọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a mọ irú iṣẹ́ tí a gbé síwájú aṣọ. Bí a bá fẹ́ yọ kókó kékeré lára apá, aṣọ òwú lè wà ní gbígbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ tí lítà omi mẹ́sàn-án ń gba orí rẹ̀ ṣàn kọjá kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní òun nìkan.

Abẹ́rẹ́ kéré

Ihò kékeré yẹn ni ó ń tàn wá jẹ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn aláìsàn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ bí tèmi: "Kámẹ́rà lásán ni, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ gidi." Abẹ́rẹ́ bó ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Òtítọ́ ni pé àrùn kì í sábà wọ oríkèé nídìí iṣẹ́ yìí. Kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n inú oríkèé kò rí bí ara tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá dáadáa. Bí kòkòrò bá ríbi sá sí nínú rẹ̀, ó lè jẹ egungun rírọ̀ tí ó tẹ́ ojú egungun ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, egungun rírọ̀ yìí kì í sì í hù padà bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún 22 lè di ẹni tí ń fi ọ̀pá rìn.

Dókítà ará Japan kan, Kenji Takagi, ni a máa ń dárúkọ nígbà tí a bá ń sọ ìtàn iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1918, ní Tokyo, ó fi irinṣẹ́ tí a ń fi wo inú àpò ìtọ̀ wo inú orúnkún òkú. Ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, Masaki Watanabe, ni ó wá fi irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gé egungun rírọ̀ tí ó ya lára alààyè ní ọdún 1962. Nígbà tí mo bá ro àádọ́ta ọdún ó dín mẹ́fà tí ó wà láàárín méjèèjì, mo máa ń ro ó pé kì í ṣe dígí àti iná nìkan ni wọ́n ní láti yanjú. Ojú ọ̀nà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ ohunkóhun bí a kò bá mọ bí a ó ṣe tún ìta rẹ̀ ṣe.

Kí abẹ tó kan ara

Ìtúnṣe náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú tíátà. Ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ àti omi, ní alẹ́ tí ó ṣáájú àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Níbẹ̀ sì ni a ti ń pàdé ìṣòro tí ó wọ́pọ̀ jù lọ níhìn-ín: aláìsàn tí ó ti fi réésà fá irun ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ wá, nítorí pé ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. A ti dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sílé rí, ọkùnrin kan láti ìhà Ọ̀fà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ń dán tí ó sì kún fún ojú àpá wẹ́wẹ́ tí réésà ṣá. Ó bínú, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ojú ibi tí réésà bá ti ṣá ara ni ògiri ti lanu. Ìlànà ọdún 2016 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sọ ọ́ kedere pé kí a fi irun sílẹ̀, bí ó bá sì di dandan kí a gé e, kí a fi kílípà gé e.

Nínú tíátà, a ó bi aláìsàn ní ẹsẹ̀ tí a fẹ́ ṣe nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, a ó sì rí i pé àmì tí dókítà fi kálàmù fà wà níbẹ̀. A ó fi òwú wé itan kí tọ́níkẹ́ẹ̀tì tó lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wa yóò gbé ẹsẹ̀ náà sókè, tí èkejì yóò máa fi oògùn apakòkòrò tí a pò mọ́ sípíríìtì kùn ún láti orúnkún lọ sókè àti sísàlẹ̀, yípo yípo, títí kan ẹ̀yìn orúnkún tí ojú kì í tètè dé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó léwu jù, nítorí náà a máa ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tí omi kò lè gbà kọjá fún un, a ó sì dì í mọ́ ọn.

Àwa tí a dàgbà ní Ìlọrin mọ ìtọ́jú tí ó wà nínú àlùwàlá. Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú pé bí ibi kan tí kò ju èékánná lọ bá gbẹ lára ẹsẹ̀, àlùwàlá ọ̀hún kò pé. Ojú kan náà ni mo fi ń wo oògùn tí a ń kùn sí ẹsẹ̀ aláìsàn: kò gbọdọ̀ sí ibi tí ó fò. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kùn ún tán, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ìgbà náà lọ, gbígbẹ ni a ń wá. Sípíríìtì tí kò bá tíì gbẹ lè gba iná láti ara irinṣẹ́ tí a fi ń jó ojú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó bá ṣàn lọ sábẹ́ tọ́níkẹ́ẹ̀tì, tí ó dúró síbẹ̀ fún wákàtí kan, lè bó ara ènìyàn bí omi gbígbóná. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 3 ni a gbọ́dọ̀ fi dúró kí aṣọ tó kan ara. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lè gùn púpọ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ti wọ ìbọ̀wọ́ tán. Mo ti rí i tí wọ́n fi aṣọ fẹ́ ẹ kí ó lè tètè gbẹ. Mo ti rí i tí wọ́n nù ún kúrò. Ẹni tí ó bá nù ún, ó ti nu iṣẹ́ oògùn náà nù.

Ti èjìká tún ní tirẹ̀, nítorí pé abíyá sún mọ́ ọn, bakitéríà tí ó ń gbé ní gbòǹgbò irun ibẹ̀ kì í sì í tètè kú. Èyí tó ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé nínú gbogbo èyí, ìyá agbábọ́ọ̀lù náà ni ó sì rán mi létí. Nígbà tí a fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wọ inú tíátà, a fi aṣọ funfun bò ó dé ọrùn nítorí òtútù. Alhaja náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má ṣe jẹ́ kí wọ́n bo ọmọ mi lójú." Mo mọ ohun tí ó rí. Níhìn-ín, aṣọ funfun tí a fi bo ènìyàn tí ó dùbúlẹ̀ gbalaja ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lọ́kàn ẹni tí ó bí i. Mo sọ fún un pé aṣọ aláwọ̀ ewé ni a ó fi bò ó ní inú, pé ojú rẹ̀ yóò wà ní gbangba, pé ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ni dókítà akunnilóorun yóò jókòó sí, tí yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí ó ń mú ìsàlẹ̀ ara kú nìkan ni a fún un. N kò sọ fún un pé dókítà kan ní San Francisco, Harry Sherman, ni ó bẹ̀rẹ̀ aláwọ̀ ewé yẹn ní ọdún 1914, nítorí pé funfun ń dán mọ́ ọn lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn kọ́ ni ó fẹ́ gbọ́.

Ọmọ náà kò sùn. Ó gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ó gbọ́ nígbà tí mo sọ pé mo ti mọ̀. Nígbà tí a ń kó aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ sì ń lu ara wọn, nítorí pé kì í ṣe kòkòrò nìkan ni aṣọ tútù ń gbé wọlé. Ó ń fa ooru ara ènìyàn jáde pẹ̀lú. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì gbígbóná wé àyà rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ọpẹ́ yẹn ni ó bá mi délé. Mo ti ń bo ènìyàn láti ọdún mọ́kànlá, orúnkún ni mo sì ti ń rí.

Bí a ti ń ṣe é báyìí

Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tíátà, níwájú gbogbo ènìyàn, mo sì dárúkọ ara mi. N kò mọ̀ pé yóò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì mìíràn sọ tiwọn lẹ́yìn mi. Láti ìgbà náà, a ti pín aṣọ òwú wa sí ọ̀nà méjì. Èyí tí ó bá ti gbó, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, a kò lò ó fún oríkèé mọ́. Ní igun aṣọ kọ̀ọ̀kan, obìnrin tí ń fọ aṣọ fún wa ń fi kálàmù tí kì í parẹ́ fa ilà kan nígbàkúgbà tí ó bá fọ̀ ọ́. Ó béèrè ìdí, mo sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní bàbá náà gbọ́n. Bí kò bá sí aṣọ ajùnù, a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orúnkún láìjẹ́ pé màkíntọ́ọ̀ṣì tí ó gùn dé ìbàdí wà nílẹ̀. A ti sún iṣẹ́ méjì síwájú nítorí èyí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí aláìsàn náà kò tíì dárí jì wá.

Ohun kan tún wà tí a fi kún un. Nígbàkúgbà tí àpò omi kan bá tán, a kò ní ṣí òmíràn títí ẹnì kan nínú àwọn tí kò wẹ ọwọ́ fún iṣẹ́ abẹ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ láti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tí yóò fi ọwọ́ pa ibẹ̀ láti itan dé ẹsẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tí ó bá kàn sókè. Dókítà ni ó ní kí a fi iṣẹ́ náà lé akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà lọ́dọ̀ wa.

Ní Àlàmísì tí ó kọjá, orúnkún ọ̀tún ni, ti olùkọ́ obìnrin kan láti Òmù-Àrán. Àpò kejì tán. Dókítà ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí àyà, ó dúró. Gbogbo yàrá pa rọ́rọ́, a kò gbọ́ ju ẹ̀rọ tí ń ka ìlù ọkàn lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ti rò lọ, kò sì sí ẹni tí ó kán an lójú.

Ó ní, "Ó gbẹ, mà. Ṣùgbọ́n ní igun ìhín, ó fẹ́ máa tutù."

Mo na ọwọ́ sí aṣọ gbígbẹ.